Fódà Ọmọ-ọmọ Ìyá Onítáípù

Ìyá Onítáípù ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí iṣẹ́ táípù ló fi tọ́ ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Ọmọ náà lọ sókè òkun, ó lọ́kọ, ó bímọ. Ìyá kò fojú kan ọmọ-ọmọ rẹ̀ rí, àfi nínú fọ́tò tí ọmọ rẹ̀ ń kó sórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Kọ̀ǹpútà tuntun tí wọ́n gbé fún un níbi iṣẹ́ kì í ya nǹkan sọ́tọ̀. Ojú fèrèsé kan náà lórí ẹ̀rọ náà ló fi ń ṣí ìwé tó wà nínú rẹ̀ àti ohun tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọkùnrin tó ń bá wọn tún kọ̀ǹpútà ṣe ló to àwọn fọ́tò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé iṣẹ́ rẹ̀: fódà lẹ́tà ọ̀gá, fódà ìwé ìpàdé, fódà ọmọ-ọmọ. Láràárọ̀, kó tó tẹ ohunkóhun, á ṣí i, á máa wo ọmọ tó ń rákò, tó ń hu eyín, tó ń sáré kiri. Ó gbà pé ọwọ́ òun ni gbogbo rẹ̀ wà.

Lọ́jọ́ kan, ó sọ fún ọmọ rẹ̀ lórí tẹlifóònù pé ọ̀lẹ ni ọkọ rẹ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀.

"Màmá, ẹ bẹ ọkọ mi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mi ò ní pè yín mọ́."

"Má pè mí! Ọmọ-ọmọ mi wà nínú kọ̀ǹpútà mi níbí. Kí ni mo tún fẹ́ fi ìwọ ṣe?"

Ọmọ náà gbé fóònù sílẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyá ṣí fódà náà, ojú fèrèsé funfun báláú. Ó pariwo pe ọkùnrin kọ̀ǹpútà.

"Ta ló jí ọmọ-ọmọ mi gbé?"

Ọkùnrin náà tẹ̀ síbí, ó tẹ̀ sọ́hùn-ún, ó mí kanlẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Kò fìgbà kan wà níbí. Ọ̀dọ̀ ọmọ yín lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lẹ ti ń wò ó. Wọ́n ti yọ ọ́ kúrò."

"Ṣebí bákan náà ni gbogbo wọn rí?"

"Bákan náà ni, mà. Ká ní ẹ sọ fún mi ni, ǹ bá ti bá yín fi í pamọ́ sínú ẹ̀rọ yín. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni."

"Ìwọ lo tò wọ́n pọ̀, o ò sì lanu sọ̀rọ̀."

Ọkùnrin náà ti fódà òfìfo náà, ó sì jáde.

Ìyá gbé ìgbéraga mì, ó pe nọ́ńbà ọmọ rẹ̀. Ọkọ ló gbé e.

"Ẹ káàsán, mà. Ìyàwó mi ní kí n sọ fún yín pé òun ò sí nílé."

Lẹ́yìn ọkùnrin náà, ohùn ọmọdé kan ń béèrè ta ló pè, ọ̀rọ̀ rẹ̀ já gaara. Ìyá kò tilẹ̀ mọ̀ pé ọmọ-ọmọ òun ti ń sọ̀rọ̀. Kó tó lanu, fóònù ti kú.