Iyàn Ẹ̀ṣẹ́ Tó Fẹ́rẹ̀ẹ́ Lé Wa Nílé

Nígbà tí èmi àtẹ̀yin ẹgbẹ́ mi ṣì ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ikun, yàrá kan lèmi àtàwọn òbí mi ń gbé l'Ágége. Òórùn bisikíìtì láti ilé iṣẹ́ ẹ̀yìnkùlé ló máa ń jí wa; òórùn náà la fi ń mu gààrí. Bàbá onílé nìkan ló ní tẹlifíṣọ̀n. Tí wọ́n bá fẹ́ fi ẹ̀ṣẹ́ kíkàn hàn, gbogbo ayálégbé á kún pálọ̀ wọn, àwa ọmọdé á jókòó sórí sìmẹ́ǹtì. Ọmọ tó bá wúkọ́ á gba tiẹ̀ lórí.

Tí ìjà bá parí ni ìjà ń bẹ̀rẹ̀. Abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò méjì tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n fi ń jiyàn: Súnmọ́nù tí wọ́n ń pè ní Ààrá, àti ẹnì kan tó ń jẹ́ Èkùrọ́. Ti Ààrá ni bàbá onílé ń ṣe, ti Èkùrọ́ ni bàbá mi.

"Kéèyàn tó jókòó dáadáa, Ààrá ti na ẹni ẹlẹ́ni sílẹ̀. Akọni nìyẹn!"

"Ta ló nà, Bàbá? Àwọn tí ebi ń pa! Èkùrọ́ jẹ ẹ̀ṣẹ́ títí, kò ṣubú rí."

"Tó bá jẹ́ ìyà jíjẹ ni, ìyàwó ẹ ni ọ̀gá gbogbo wọn."

Gbogbo pálọ̀ rẹ́rìn-ín. Bàbá mi ò rẹ́rìn-ín. Ó ní ojo ni Ààrá, ẹni tó jù ú lọ ló ń sá fún. Bàbá onílé pa tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ní ká kó jáde kí oṣù tó parí.

Oyún ìyá mi ti wọ oṣù ẹ̀. Ó fi orúkọ mi pe bàbá mi: "Bàbá Dúpẹ́, ẹ ṣáà sọ pé Ààrá ló jù. Ṣé Èkùrọ́ máa fún wa ní yàrá ni?"

Bàbá mi ní òun ò lè purọ́. Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà ló jẹun yó tán tó sọ fún wòlíì wa pé òun ń gbààwẹ̀.

Ìyá mi bí ọkùnrin. Nílé wa, bàbá onílé ló máa ń kọ́kọ́ sọ ọmọ ayálégbé lórúkọ, ẹnikẹ́ni kì í kọ̀ ọ́. Bàbá mi ò pè wọ́n, ìyá mi ló rán mi lọ kúnlẹ̀. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, wọ́n dé, wọ́n wo ọmọ, wọ́n wo bàbá mi.

"Súnmọ́nù," ni wọ́n wí.

Mùsùlùmí ni wọ́n; ìjọ aláṣọ funfun làwa ń lọ. Wòlíì wa wo àjà. Bàbá mi fọwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú bí ẹni tí eyín ń dùn, ó wá ní, "Àmín."

Bàbá onílé ní, "Ó dáa. Ta ló máa lé Súnmọ́nù nílé?" Bí ọ̀rọ̀ kíkó jáde ṣe parí nìyẹn. Bí wọ́n ṣe jáde tán, bàbá mi ní orúkọ lòun gbà, òun ò gba iyàn.

Lóde òní, àwọn oníbàárà tó ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi n'Íkẹjà ń jiyàn lórí fóònù nípa ẹni tó jù nínú àwọn akọni àtijọ́. Wọ́n á bú ẹni tó ń bá wọn jiyàn tí wọn ò rí rí, wọ́n á tẹ nǹkan kan, onítọ̀hún á pòórá lójú fóònù. Bàbá onílé tiwa kì í pòórá. Ọwọ́ wọn ni kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ omi wà. Lọ́jọ́ kejì ìsọmọlórúkọ, wọ́n bá bàbá mi lórí ìlà omi pẹ̀lú garawa.

"Bàbá Súnmọ́nù, o jíire?"

Bàbá mi dọ̀bálẹ̀, ó jẹ́ orúkọ náà. Omi la wá pọn.