Sìdíkátù, Télọ̀ Tó Wọn Gọ́tà

Ìròyìn tó gba ìgboro Igando kan lẹ́ẹ̀kan ni pé obìnrin kan ń rán aṣọ fún gọ́tà. Kì í ṣe pé aṣọ oníbàárà já bọ́ sínú gọ́tà o. Gọ́tà gan-an ni oníbàárà. Wọ́n ní ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárọ̀ kùtù, ó na téèpù, ó wọn ọrùn gọ́tà, ó wọn àyà rẹ̀, ó wọn gígùn rẹ̀ dé orúnkún, ó sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà fi máa dé Ikotun, gọ́tà ti mú àwọ̀ tó wù ú. Nígbà tó fi máa dé Egbeda, gọ́tà ti ń ráhùn pé aṣọ náà há òun lábíyá. Nígbà tó dé ibùdókọ̀ Pleasure, wọ́n ní télọ̀ ọ̀hún ti ní kí gọ́tà padà wá lọ́jọ́ Jímọ̀, Jímọ̀ mẹ́ta sì ti kọjá, aṣọ ò tíì jáde. Apá tó kẹ́yìn yìí ló jẹ́ kí àwọn tó ń ṣiyèméjì gbà á gbọ́.

Ìdajì ọ̀rọ̀ náà sì jẹ́ òótọ́. Obìnrin náà wà. Sìdíkátù lorúkọ rẹ̀, ọmọ bíbí Ògbómọ̀ṣọ́, Ìyá Mubarakah fún àwọn ará Òpópónà Ìfẹ́lódùn, níbi tó ti ń ránṣọ láti ọdún mẹ́rìndínlógún. Téèpù náà wà. Ìwé náà wà. Agnes onídìrí, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ tirẹ̀, ló fojú ara rẹ̀ rí i. Ó wá béèrè búláòsì rẹ̀ tí kò tíì jáde, ó ṣí ìwé ìwọ̀n, ó sì rí i láàárín orúkọ ìyá ìyàwó kan àti orúkọ pásítọ̀ kan: "Gọ́tà. Ẹnu, ínǹṣì mẹ́rìnlélógún. Jíjìn, ọgbọ̀n." Agnes ò dúró béèrè àlàyé. Ẹni tó bá ń dúró béèrè àlàyé kì í rí ọ̀rọ̀ sọ fún oníbàárà tó máa jókòó sábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin.

Omi ló gbé Sìdíkátù dé ìdí gọ́tà. Ibi tí òpópónà náà ti rẹlẹ̀ jù ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Lọ́dún tó ṣáájú, òjò kan rọ̀ lọ́sàn-án, kó tó dá, omi ti wọlé láì kí ẹnikẹ́ni. Ó gun orí àga, ó wọ inú máṣíìnì mẹ́rin, ó sì pa gíní Iléyá àwọn oníbàárà láró tí ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ ẹ́ pé kó pa. Ọ̀sẹ̀ méjì ni Sìdíkátù fi ń fọ aṣọ tó yẹ kó máa rán. Alàgbà Akínlẹ́yẹ, tó ni ilé náà, tó tún jẹ́ alága ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, wá kó gbogbo ayálégbé jọ. Ó ní ìpìlẹ̀ ilé òun ti ń mu omi bí ọmọ tó ń mu ẹ̀kọ, òun ò sì ní fara mọ́ ọn mọ́. Ó ní ẹnikẹ́ni tí ìdọ̀tí rẹ̀ bá tún dá omi padà sí ilé yìí, kó máa kó ẹrù rẹ̀ jáde lóṣù náà. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ní kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé ohun tó bá ti wọ ìwé Alàgbà ti di òfin.

Sìdíkátù ò mọ ibòmíì tó lè kó máṣíìnì lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀nà tí àwọn oníbàárà rẹ̀ mọ̀, àwọn mìíràn lè fi ojú dídì rìn débẹ̀ láti wá bínú. Torí náà, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ kan tó wọ tíṣọ́ọ̀tì aláwọ̀ ewé wá ṣèpàdé lórí ìyípadà ojú ọjọ́ ní pápá ilé ẹ̀kọ́ kan, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó lọ. Nínú gbogbo àwọn tó lọ láti Òpópónà Ìfẹ́lódùn, òun nìkan ni kò lọ torí pé wọ́n ní wọ́n máa pín nǹkan.

Wọ́n sọ̀rọ̀ yìnyín tó ń yọ́ lókè ayé lọ́hùn-ún. Ó bá yìnyín náà kẹ́dùn. Wọ́n ní òjò ayé ìsinsìnyí ń rọ̀ lójú kan ju ohun tí gọ́tà àtijọ́ lè gbà lọ. Ìyẹn yé e dáadáa. Nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ìbéèrè dìde, ó dìde, ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́ fi yìnyín sílẹ̀ ná, kí wọ́n sọ ohun tí obìnrin tó wà níbi tó rẹlẹ̀ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe kí òjò tó tún dé. Ọmọbìnrin kan nínú wọn fi àwòrán kan hàn án lórí fóònù: àwọ̀n tí wọ́n so mọ́ ẹnu gọ́tà, omi ń gba inú rẹ̀ kọjá, ọ̀rá àti ike ń dúró sẹ́yìn. Sìdíkátù wò ó títí. Ó béèrè ẹni tó rán an. Ọmọ náà ní òun ò mọ̀. Sìdíkátù ní ẹni náà ò mọ iṣẹ́, etí rẹ̀ máa ya.

Bó ṣe di ẹni tó ń wọn gọ́tà nìyẹn. Ó tọrọ àpò àlùbọ́sà lọ́wọ́ àwọn tó ń já ẹrù, ó fi méjì ṣe ọ̀kan, ó ṣẹ́ etí rẹ̀ po, ó fi wáyà sí i lẹ́nu, ó sì rán an ní ìrán mẹ́rin bí ẹni tó ń rán gàárì ẹṣin. Gọ́tà mọ́kànlá ló wà ní òpópónà yẹn, kò sí méjì tí ìwọ̀n wọn dọ́gba, torí pé onílé kọ̀ọ̀kan ló gbẹ́ tirẹ̀ bí inú rẹ̀ ṣe rí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Abẹ́rẹ́ tó ṣẹ́ sínú iṣẹ́ yẹn tó láti fi ṣe ọgbà yí Alimosho ká.

Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́, kò sí irú èyí tí wọn ò ṣe. Àwọn kan ní kó má gbàgbé bọ́tìnnì. Àwọn kan ní ṣé gọ́tà ò ní gba fìlà. Ó ń dá wọn lóhùn pé kí wọ́n mú orí wá, òun máa fi wọn fìlà náà. Ní Sátidé àkọ́kọ́, ó tú gbogbo àwọ̀n náà sílẹ̀ lójú títì kí ayé wá wò ó. Ike ọṣẹ wà níbẹ̀. Bàtà ẹsẹ̀ òsì mẹ́tàdínlógún wà níbẹ̀, ọ̀tún wọn ò sí níbì kankan láyé. Wíìgì kan sì wà níbẹ̀ tó tóbi débi pé ajá gbó o. Agnes ní òun ò mọ ẹni tó ni ín. Wọ́n wo wíìgì, wọ́n wo orí Agnes, àwọ̀ kan náà ni. Sátidé tó tẹ̀ lé e, Agnes ló kọ́kọ́ dé, ó gbé ṣọ́bìrì léjìká.

Lọ́sẹ̀ kẹrin, èèyàn méjìdínlógún ló ń jáde pẹ̀lú wọn, títí kan àwọn tó ń sọ̀rọ̀ fìlà. Sìdíkátù ló ń pín iṣẹ́. Kì í pariwo. Ó máa ń fi téèpù ọrùn rẹ̀ tọ́ka sí ibi tó kù ni, ẹni tó wà níbẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀. Gọ́tà náà mọ́ débi pé, bí Agnes ṣe sọ ọ́, àwọn ẹja ti ń wá béèrè yàrá tó ṣófo níbẹ̀.

Àmọ́ òjò ńlá àkọ́kọ́ nínú oṣù Karùn-ún rọ̀, omi sì tún padà wá. Ó gun àtẹ̀gùn kan, ó gun èkejì, ó dúró níwájú ilẹ̀kùn Sìdíkátù bí ẹni tó ń rò ó bóyá kí òun wọlé, kó tó yí padà. Ohun kan ṣì dí ọ̀nà níwájú, lábẹ́ afárá kékeré tí omi gbogbo òpópónà ń gbà wọ kànáàlì. Alàgbà Akínlẹ́yẹ ò ronú jìnnà. Ó nàka sí Yẹ́misí, obìnrin Òǹdó tó ń ta píọ̀ wọ́tà ní ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Sìdíkátù, tó sì ń fi ọjà náà tọ́ ọmọ mẹ́ta. Ó ní ọ̀rá rẹ̀ ló wà lábẹ́ afárá. Yẹ́misí ní òun máa ń kó ọ̀rá òun jọ, òun máa ń tà á fún àwọn tó ń rọ ike. Alàgbà ní tí wọ́n bá ṣí ibẹ̀, gbogbo èèyàn á rí ẹni tó ń pa irọ́, àtẹ̀gùn méjì tí omi gùn yẹn sì ti tó fún òun.

Sátidé yẹn, wọ́n lọ ṣí i. Bí Sìdíkátù ṣe ń tú bàtà lórí bèbè, Yẹ́misí ti wà nínú omi dé ìgbáròkó. Sìdíkátù tẹ̀ lé e. Àwọn ọkùnrin tó wà lókè fi ìmọ̀ràn ràn wọ́n lọ́wọ́ gan-an. Òkìtì tó wà níbẹ̀ tóbi bí ẹfọ̀n tó sùn, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà sì bò ó látòkè délẹ̀. Àwọn tó wà lókè ní ṣé wọ́n ti rí i báyìí. Yẹ́misí kàn ń fà á.

Sìdíkátù ki ọwọ́ bọ àárín òkìtì náà. Ọwọ́ rẹ̀ mọ ohun tó dì mú kí ojú rẹ̀ tó rí i. Kì í ṣe ọ̀rá. Àgékù aṣọ ni, tó le bí òkúta, nínú àpò, àpò lórí àpò. Okùn ẹnu àwọn àpò náà ní kókó kan, ẹ̀ẹ̀mejì sí òsì, ẹ̀ẹ̀kan sí ọ̀tún, bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kò tíì rí ẹlòmíì tó ń ta á bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Èkó. Ọ̀rá kàn wá lẹ̀ mọ́ àwọn àpò náà lára ni. Gíní pupa rúsúrúsú kan yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan. Ó mọ ẹni tó ni ín.

Wọ́n fa òkìtì náà jáde, omi sì tú lábẹ́ afárá pẹ̀lú ariwo tó dé Dopemu, bí a bá máa gba ti Agnes. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́ fún Sìdíkátù. Ó ki gíní náà bọ àpò ṣòkòtò rẹ̀, ó lọ sílé.

Lọ́jọ́ kejì, ó wá Jibril lọ. Jibril ni ọmọ Ìbàdàn tó ń fi ọmọlanke kó ìdọ̀tí àwọn télọ̀ àdúgbò. Ọdún mẹ́fà gbáko ló ti ń gba àpò àgékù aṣọ lọ́wọ́ Sìdíkátù ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Bí gbogbo télọ̀ ṣe ń ṣe nìyẹn: o ta kókó, o gbé e lé ọmọlanke, o yíjú sí máṣíìnì. Ó bi í pé níbo ló ń gbé e lọ. Jibril ò purọ́ fún un. Ó ní ààtàn jìn, ẹrù aṣọ sì wúwo, pàápàá tó bá ti mu omi, torí náà ibi afárá lòun ń jù ú sí.

Inú bí i, ó sì là á mọ́ ọn lójú. Jibril jẹ́ kó parí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní kí n gbé e kúrò níwájú yín, mo gbé e kúrò. Ọdún mẹ́fà, ẹ ò bi mí rí pé níbo."

Obìnrin tó wọn ẹnu gọ́tà mọ́kànlá ò wọn ọ̀nà tí ẹrù tirẹ̀ ń gbà rí. Ó padà sídìí máṣíìnì, ó sì rán ọ̀sẹ̀ méjì kọjá bí ẹni tó yá ọwọ́ lò. Ó fi apá òsì sí ọ̀tún fún pásítọ̀. Tó bá dákẹ́, ṣọ́ọ̀bù yìí ṣì jẹ́ tirẹ̀. Tó bá dákẹ́, Yẹ́misí máa kó jáde. Lójoojúmọ́ ló ń gbọ́ ohùn obìnrin náà láti ìkejì ògiri, tó ń bi àwọn èèyàn bóyá wọ́n mọ ṣọ́ọ̀bù kankan lápá Òkè-Odò.

Ọjọ́ Àyíká Àgbáyé ni ẹgbẹ́ àdúgbò mú fún ayẹyẹ. Wọ́n ta kánópì, àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ ewé padà wá pẹ̀lú igi tí wọ́n fẹ́ gbìn, wọ́n sì ya fọ́tò pẹ̀lú igi kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé igi náà ń rìnrìn àjò. Alàgbà Akínlẹ́yẹ wọ agbádá gíní pupa rúsúrúsú, iṣẹ́ ọwọ́ Sìdíkátù, ó sì dára lára rẹ̀ ní tòótọ́. Ó mú ìwé, ó kà á. Ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Sìdíkátù, fọ́nrán òwú kan ò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ rí. Ó ní Sìdíkátù ló kọ́kọ́ kó sínú omi abẹ́ afárá nígbà tí ẹ̀rù ń ba àwọn yòókù. Ó wá yí ojú ìwé, ó ní gẹ́gẹ́ bí òfin tí gbogbo ayálégbé mọ̀, Yẹ́misí yóò kó ẹrù rẹ̀ jáde kí oṣù tó parí. Yẹ́misí jókòó lẹ́yìn pátápátá. Kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó ti ká wáyà fíríìjì rẹ̀ láti àárọ̀.

Wọ́n gbé màìkì fún Sìdíkátù kó dúpẹ́. Ó kọ́kọ́ dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ó fa aṣọ kan yọ tó ti fọ̀, tó ti lọ̀, ó rìn lọ bá Alàgbà, ó sì gbé e lé ọwọ́ agbádá rẹ̀. Àwọ̀ wọn ò yàtọ̀.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká tún ìwé yẹn ṣe kí akọ̀wé tó tọ́jú ẹ̀. Mo gé èyí kúrò lára agbádá yín yìí, mo dì í sínú àpò, mo gbé e fún ọmọlanke. Abẹ́ afárá ni mo ti padà bá a. Gbogbo àpò tí mo fọwọ́ kàn níbẹ̀, èmi ni mo ta kókó ẹnu wọn. Ọ̀rá Yẹ́misí kàn wá jókòó lé e ni. Tí ẹnì kan bá máa kó jáde, èmi ni."

Àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ ewé pàtẹ́wọ́, torí wọ́n rò pé ó wà nínú ètò. Kò sẹ́lòmíì tó pàtẹ́wọ́. Alàgbà wo aṣọ, ó wo ọwọ́ agbádá, ó sì bi í lóhùn jẹ́jẹ́ bóyá ó mọ ohun tó ń sọ. Ó ní òun mọ̀ ọ́n. Ó ní àgékù aṣọ ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá wà nínú ṣọ́ọ̀bù òun, ó ti di ìrọ̀rí mẹ́sàn-án, òun á sì máa gba ti àwọn télọ̀ yòókù bẹ́ẹ̀, níbikíbi tí òun bá kó máṣíìnì lọ. Alàgbà ká ìwé náà sí méjì, ó ká a sí mẹ́rin, ó tì í bọ àpò. Ó ní kí akọ̀wé má tíì kọ nǹkan kan. Ó na ọwọ́ kó gba màìkì.

Sìdíkátù ò tíì fún un.

"Ó ku ẹyọ kan," ó ní. "Ẹ ní èmi ni mo kọ́kọ́ wọ inú omi. Èmi kọ́ o. Yẹ́misí ni. Èmi ń tú bàtà lọ́wọ́."