Àbẹ̀ní Ń Tọrọ Ẹ̀jẹ̀

Ọmọ méjì ni Àbẹ̀ní ti sin nílé ọkọ rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Òsì, àìsàn kíndìnrín ló sì pa àwọn méjèèjì. Ìfẹ́olúwa nìkan ló ṣẹ́kù, ẹsẹ̀ tiẹ̀ náà ti ń wú.

Àwọn dókítà tó ń ṣèwádìí sọ fún un pé ohun kéékèèké tí ọmọ ń jogún nínú ẹ̀jẹ̀ ló ń para pọ̀ di àrùn náà. Kọ̀mpútà lè wá wọn rí, bí ọ̀pọ̀ ará ilé bàbá ọmọ bá fún wọn ní ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ díẹ̀. Wọn ò ṣèlérí ìwòsàn, ṣùgbọ́n Àbẹ̀ní lọ kúnlẹ̀ fún Mọ́gàjí, olórí ilé, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé.

“Ẹ bá mi bẹ ará ilé kí wọ́n fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún àyẹ̀wò.”

“Kí aráyé lè sọ pé ilé wa lárùn? Ta ni yóò wá fẹ́ ọmọ wa?”

“Bàbá, òkú kì í lọ́kọ.”

“Gbẹ́nu dákẹ́! A fẹ́ ọ ni, a ò bá ọ tan.”

Ó délé, ó fi àtàǹpàkò tẹ ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀. Ojú ibẹ̀ jìn, kò padà.

“Màámi, ṣé wọ́n gbà?”

“Wọ́n ní àwọn ń rò ó.”