Ìjókòó Kẹ̀kẹ́ Bàbá Mi

Lọ́dún tí àwa ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Odò-Orò sọ pé a ò ní wọkọ̀ lọ ṣe ìgbafẹ́ Gálílì mọ́, pé kẹ̀kẹ́ la máa jọ gùn dé Ìfàkì lọ́jọ́ Ajé Àjíǹde, inú mi dùn bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Mi ò tíì bẹ́gbẹ́ gun kẹ̀kẹ́ rí. Àmọ́ kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo ló wà nílé wa, ti bàbá mi sì ni.

Bàbá mi ga fíofío. Ó gbé ìjókòó kẹ̀kẹ́ náà sókè débi pé ẹsẹ̀ mi ò lè tó pẹ́dà. Ó sì ti tó ọdún méjì tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti gbé òun alára dè sórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́bàá fèrèsé. Ìyá mi ò gbà pé kò ní dìde mọ́. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, tó bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, á da òróró àdúrà sórí ìjókòó yẹn, á ní, "Ẹni tó ni ọ́ ń bọ̀ wá gùn ọ́."

Ó ku ọjọ́ méjì ká lọ, mo ti lẹ túùbù, mo ti fa ṣéènì le. Ó ku ìjókòó. Ìyá mi rí sípánà lọ́wọ́ mi.

"Má dán an wò! Ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ ń bẹ nínú ulé!"

Inú bí mi. Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Ta ló fẹ́ gùn ún?"

Ó jókòó sórí àpótí, ó káwọ́ lérí. Ẹyin lohùn, mi ò lè ṣa á mọ́.

Mo wá ń gbàdúrà pé kí ìpẹtà ti di nọ́ọ̀tù abẹ́ ìjókòó yẹn pa, kí n lè rí àwáwí. Ẹ gbà mí o! Mo yí i lẹ́ẹ̀kan, ó tú. Òróró ọdún méjì ti ṣàn wọnú rẹ̀. Ìjókòó náà yọ̀ wálẹ̀ fúnra rẹ̀.

Mo gbójú sókè, bàbá mi ń wò mí látojú fèrèsé. Mo rò pé á bú mi.

Ọ̀rọ̀ ń fà lẹ́nu rẹ̀. "Gùn ún wò. Ṣé ẹsẹ̀ rẹ ti tó o?"

Mo gùn ún. Ó kù díẹ̀.

"Tún rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí i."

Ìgbà yẹn ló yé mi pé òun náà ti mọ̀, tipẹ́tipẹ́, pé òun ò ní gùn ún mọ́. Omi bọ́ lójú mi sórí sípánà. Mo rẹ ìjókòó náà sílẹ̀ títí kò fi ríbi lọ mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Àjíǹde gan-an, ìyá mi ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó kọjá lára kẹ̀kẹ́, kò da òróró sórí ìjókòó, ó wọlé.