Orúkọ Wa Lórí Ọ̀rọ̀ Tí A Kò Sọ

Ọdún kẹta wa ní yunifásítì ni, lásìkò tí òjò àrọ̀kúrò ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí àwọn ará Màkún ní Ṣàgámù sì ń bó obì lójúde. Mo ń kọ ìtàn yìí sílẹ̀ nítorí pé àwọn ọmọ ẹ̀ka ìmọ̀ ìrìn-àjò afẹ́ tó wà níbẹ̀ báyìí ń pè mí ní akọni. Akọni kọ́ ni mí. Ó ti rẹ̀ mí láti máa gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu àwọn tí kò sí níbẹ̀, nítorí bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ló ń dùn sí i, ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an kò sì dùn.

Bùkọ́lá lorúkọ mi, ọmọ Ìjokù ní Ṣàgámù. Kì í ṣe ìrìn-àjò afẹ́ ni mo fẹ́ kà tẹ́lẹ̀. Ìdánwò ìwọlé ló gbé mi débẹ̀. Èrò mi ni pé wọn yóò kọ́ wa bí a ṣe ń tẹ́ ibùsùn ní hòtẹ́ẹ̀lì àti bí a ṣe ń rẹ́rìn-ín sí òyìnbó. Ọ̀gá ẹ̀ka wa, Dókítà Ọláòtán, ló yí èrò mi padà. Ó máa ń bi wá pé bí wọ́n bá kọ́ ibùdó ìgbafẹ́ sí etí omi, ta ló ń mu omi náà tẹ́lẹ̀? Níbo ni ìdọ̀tí yóò máa ṣàn sí? Ta ni yóò gbálẹ̀ ibẹ̀, ta ni yóò sì kó èrè ibẹ̀ lọ? Ọjọ́ kan ló sọ fún wa pé, "Àlejò tó dé tí onílé ò rí ibi sùn mọ́, ẹ má pè é lálejò. Ogun ni." Mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé mi. Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù.

Ní sáà yẹn, ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ kọ́ ibùdó ìgbafẹ́ sí abúlé kan lẹ́yìn Ìpara, níbi tí omi tútù kan ti ń sun lábẹ́ àwọn igi ńlá. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣèwádìí ohun tí iṣẹ́ náà yóò ṣe fún ilẹ̀ àti fún àwọn èèyàn. Ẹ̀ka wa ni wọ́n gbé ìwádìí náà fún, Dókítà sì kó wa lọ. Kàmórù ni ẹnìkejì mi. Ọmọ ìdílé olóbì ní Màkún ni, ó gbọ́n, ó sì lẹ́nu. Àwọn ẹgbẹ́ wa tó wá láti Èkó àti Ìbàdàn kì í gbọ́ ẹ̀ka èdè Rẹ́mọ tó jinlẹ̀, nítorí náà àwa méjèèjì ni wọ́n máa ń rán sí àwọn àgbà.

Ìyá Tọ́lání ni mi ò lè gbàgbé. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ó ń rẹ ẹ̀gẹ́ ní ìsàlẹ̀ omi náà nígbà tí a bá a. Rẹ́mọ ló fi ń sọ̀rọ̀. Mo ń tún un sọ síbí ní Yorùbá gbogbogbòò kí gbogbo yín lè gbọ́ ọ. Ó jẹ́ kí n béèrè gbogbo ìbéèrè mi tán, ó wá béèrè tirẹ̀.

"Ògiri tí wọ́n fẹ́ mọ yí omi ká, ṣé a ó lè gbà á kọjá?"

"Mi ò mọ̀, mà."

"Kànga abúlé yìí ti gbẹ. Bí wọ́n bá ti ibí, kí la ó máa mu?"

Mo kọ ọ́. Ó tẹjú mọ́ bírò mi bó ṣe ń lọ lórí ìwé.

"Ṣé bí mo ṣe wí i lo kọ ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni."

Ó fi àtàǹpàkò tẹ ìwé náà láti jẹ́rìí sí i. Gbogbo ilé tí a wọ̀ lọ́jọ́ náà, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ: àwọn ò kọ iṣẹ́, àwọn ò kọ àlejò, ṣùgbọ́n kí wọ́n má gba omi lọ́wọ́ àwọn.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, wọ́n gbé ìwé ìwádìí náà síta ní gbọ̀ngàn kan ní Ṣàgámù kí aráàlú lè kà á ṣáájú ìpàdé. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀. Kàmórù ló kọ́kọ́ lọ wò ó, ó sì sáré wá bá mi.

"Bùkọ́lá, wọ́n ní àwọn ará abúlé ti fi tayọ̀tayọ̀ gbà."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Àwa ni."

Ó ti fi fóònù rẹ̀ ya ojú ìwé tó gbẹ̀yìn. Orúkọ wa wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn ará abúlé.

A lọ bá Dókítà ní ọ́fíìsì. Kò bínú, kò sì purọ́ fún wa.

"Ilé-iṣẹ́ náà ti ṣèlérí ilé ẹ̀kọ́ tuntun fún ẹ̀ka wa," ó ní. "Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí òjò bá ń rọ̀, agboòrùn là ń ṣí nínú kíláàsì."

"Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí wọ́n sọ nìyẹn, sà," ni mo wí.

"Bí mo bá kọ ọ́ bí ẹ ṣe mú un wá, wọ́n á gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn tí kò ní dé abúlé rárá. Èmi ṣì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n má gé igi."

Kàmórù ní, "Sà, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé ogun ni."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún títí. "Ẹ ṣì kéré," ló sọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìpàdé, àwa akẹ́kọ̀ọ́ jáde fẹ̀hónú hàn láti ẹnu ọ̀nà yunifásítì lọ sí gbọ̀ngàn náà. Àwọn tó ń ròyìn rẹ̀ lónìí ní a pọ̀ bí eéṣú. A ò pọ̀. Bí a bá lé ní ọgọ́ta, kò lé púpọ̀, àwọn mìíràn sì yà jẹun lójú ọ̀nà, wọn ò padà mọ́. Àwọn awakọ̀ ń bú wa pé a dí àwọn lọ́nà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé gbọ̀ngàn, àwọn obìnrin abúlé ti dé ṣáájú wa nínú ọkọ̀ akẹ́rù, nítorí àwọn kan nínú wa ti lọ sọ fún wọn. Wọ́n jókòó lé kẹ́ẹ̀gì òfìfo níwájú ilẹ̀kùn. Ìyá Tọ́lání rí mi. Kò dáhùn ìkíni mi.

"Wọ́n ní orúkọ rẹ ló wà níbẹ̀. Ìgbà wo ni mo ní mo gbà?"

Mo kúnlẹ̀ lórí ọ̀dà. "Ẹ ò gbà, mà. Wọ́n yí ohun tí mo kọ padà ni."

"Wọlé lọ sọ ọ́, kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ."

Ìpàdé aráàlú ni wọ́n pè é, wọn ò sì lè lé aráàlú níṣojú àwọn oníròyìn. Nígbà tí ó kan ìbéèrè, mo dìde, mo mú ìwé tí mo fọwọ́ ara mi kọ jáde, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ní Rẹ́mọ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, láti ilé kan dé òmíràn. Mo dé ilé kẹrin kí wọ́n tó pa makirofóònù. Mi ò dákẹ́. Ohùn mi kò tó gbọ̀ngàn, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin náà gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Ẹni tí ó bá kàn á dìde, á parí tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Alága kó ìwé rẹ̀ jọ, ó ní ìpàdé di ọjọ́ mìíràn. Dókítà wà níwájú, kò wẹ̀yìn. Ìpàkọ́ rẹ̀ nìkan ni mo rí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ìgbìmọ̀ ìbáwí yunifásítì pè wá. Wọ́n ní ẹni tó bá fọwọ́ sí ìwé ìtọrọ àforíjì yóò padà sí kíláàsì. Ẹni tí kò bá fọwọ́ sí i yóò lọ jókòó sílé fún odidi ọdún kan. Kàmórù wá bá mi nílé wa.

"Bàbá mi ní agbára àwọn ò ká ọdún mìíràn," ó ní. "Mo ti fọwọ́ sí i."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí ká aṣọ tó wà lórí okùn.

"Sọ nǹkan kan, Bùkọ́lá."

"Máa lọ, Kàmórù."

Bí mo ṣe pàdánù ọ̀rẹ́ nìyẹn. A pàdé nígbà kan ní ibùdókọ̀, a kí ara wa bí àjèjì. Ohun tó ṣe kò burú tó bí mo ṣe kà á sí. Bàbá rẹ̀ ní ọmọ mẹ́fà mìíràn. Ó pẹ́ kí n tó lè sọ bẹ́ẹ̀.

Èmi jókòó sílé fún ọdún kan. Mo padà, mo parí, mo sì ríṣẹ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì kan nítòsí oríta ńlá tó wà ní Ṣàgámù. Èmi ló ń gba àlejò.

Kí la jèrè? Wọ́n fi ojú ìwé kan kún ìwé ìwádìí náà, tó ní àwọn ará abúlé ń kọminú, wọn ò tíì gbà. Wọ́n kọ́ ibùdó náà. Wọ́n fi ilẹ̀kùn kékeré kan sílẹ̀ lára ògiri, kí àwọn obìnrin lè wọlé pọnmi láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ìṣẹ́gun ni àwọn kan ń pè é. Mo ti dúró níbẹ̀ rí. Mo rí i tí ẹ̀ṣọ́ kan ń wo inú kẹ́ẹ̀gì arúgbó kí ó tó jẹ́ kó kọjá síbi omi bàbá rẹ̀. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Síbẹ̀, bí a kò bá jáde, ilẹ̀kùn yẹn pàápàá kì bá tí sí. Ilé ẹ̀kọ́ tuntun tí wọ́n ṣèlérí ńkọ́? Wọn ò kọ́ ọ. Dókítà fẹ̀yìn tì lábẹ́ òrùlé tó ń jò.

Ìyá Tọ́lání ti kú. Ojú ìwé tí a tìtorí rẹ̀ jìyà, Gẹ̀ẹ́sì lòun náà. Kò tíì sí ẹni tó lọ sí abúlé náà láti kà á fún wọn ní èdè tí wọ́n fi sọ̀rọ̀, kí wọ́n lè mọ̀ pé ẹnì kan kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọn ò gbà. Gbèsè tó kù nìyẹn. Láti ibi iṣẹ́ mi dé ọ̀hún, ọkọ̀ kan ni, kò tó wákàtí kan. Ọjọ́ ìsinmi ń wá, ó ń lọ. Èmi náà ò tíì lọ.