Àjàní Tí Mo Fi Sínú Líìgì

Òórùn epo bẹntiróòlù àti rọ́bà jíjó ló máa ń kọ́kọ́ padà sí mi nímú bí mo bá rántí àwọn ọdún náà. Láti ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ mi ló ti ń wá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tó gba Ifangni, ìlú wa, kọjá lọ sí Daagbé. Alùpùpù ló ń tún ṣe. Orí àpótí ló máa ń jókòó sí, á na ẹsẹ̀ òsì síwájú gbọọrọ, nítorí pé orúnkún ẹsẹ̀ náà kì í ká mọ́.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan náà la jọ lọ. Nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó mọ bọ́ọ̀lù agbọ̀n gbá bí i tirẹ̀ lórí pápá oníyanrìn ẹ̀yìn iléèwé. Ó fò sókè lọ́jọ́ kan, ó sì fi orúnkún já lu ìdí òpó onírin. Oṣù mẹ́rin ló fi dùbúlẹ̀. Ìyá rẹ̀, tó ń ṣe oko ẹ̀gẹ́ tó sì ń fún epo ní Lagbé, ló máa ń fi epo gbígbóná ra orúnkún náà láràárọ̀, á máa pe oríkì rẹ̀: "Àjàní, dìde. Ilẹ̀ kọ́ ni ilé rẹ, Àjàní." Àwa tó kù, orúkọ inú ìwé iléèwé la ń pè é. Ìyá rẹ̀ nìkan ló ń pè é ní Àjàní. Nígbà tí ìyá náà kú, tí àwa náà ti di bàbá ọmọ, ó sọ fún mi níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pé: "Tóò, ó tán nìyẹn. Kò sẹ́ni tó máa tún pè mí ní Àjàní mọ́." Mo fọwọ́ lé e léjìká. Nígbà tí mo délé, mo kọ gbólóhùn náà sínú ìwé kékeré mi. Oníròyìn ni mí. Ọ̀rọ̀ tó bá wọni lára, n kì í jẹ́ kó bọ́.

Ọdún yẹn náà ni mo wọ líìgì orí íńtánẹ́ẹ̀tì kan. Bọ́ọ̀lù agbọ̀n ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń sáré níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń làágùn. Kálukú á dá agbábọ́ọ̀lù kan sílẹ̀, á sọ gíga rẹ̀, á fún un lórúkọ. Kọ̀ǹpútà ló máa ṣirò ìdíje, tó máa sọ ẹni tó borí. Bí ẹ bá fẹ́ kí agbábọ́ọ̀lù yín mọ bọ́ọ̀lù sí i, ẹ gbọ́dọ̀ kọ̀wé ní orúkọ rẹ̀: bí ara rẹ̀ ṣe rí, ohun tó ń rò, ohun tí òǹwòran ń pariwo. Àwọn alákòóso á kà á, wọ́n á fún yín ní máàkì. Mo dá ọkùnrin gíga kan tí orúnkún rẹ̀ le sílẹ̀. Mo pè é ní Àjàní. Mo sọ fún ara mi pé mo fi ń bu ọlá fún ọ̀rẹ́ mi ni. Mi ò bi í léèrè.

Orí bẹ́ǹṣì àwọn adípò ni Àjàní jókòó sí ní sáà ìdíje kìíní. Ní sáà kejì, mo kọ ọ̀rọ̀ nípa ìrora orúnkún, bí ọ̀rẹ́ mi ṣe sọ ọ́ fún mi gẹ́lẹ́, máàkì tí wọ́n fún mi sì ya èmi fúnra mi lẹ́nu. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbé ìbéèrè lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mo máa ń ra àkàrà dání. "Kí lo rò lọ́kàn nígbà tó o wà nílẹ̀ yẹn?" Ọ̀rẹ́ mi á dá iṣẹ́ dúró, á ronú, á dáhùn, torí ó rò pé ọ̀rẹ́ ló ń bi òun. Bẹ́ẹ̀, nílé iṣẹ́ rédíò wa, mo ti lé akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ kan jáde nínú yàrá torí pé ó gbé ohùn opó kan sáfẹ́fẹ́ láì gbàyè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní sáà keje, Àjàní dé àṣekágbá. Ọ̀sán Sátidé ni. A pé mẹ́ta lọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ ti ọ̀rẹ́ mi: òun, èmi, àti tíṣà kan. Bí èsì ṣe ń wọlé díẹ̀díẹ̀, tíṣà ń ka ohun tí mo kọ ní Faransé, ó ń yí i sí Yorùbá fún wa: "Ìyá mi a máa fi epo ra orúnkún mi. Á ní, Àjàní, dìde, ilẹ̀ kọ́ ni ilé rẹ." Ìgbà yẹn gan-an ni Àjàní sọ bọ́ọ̀lù méjì nù.

Alátùn-únṣe fóònù bú sẹ́rìn-ín. "Àjàní, dìde o jàre! Àbí epo ìyá ẹ ti tán ni?"

Nígbà tí mo máa gbójú sókè, ọ̀rẹ́ mi wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé fóònù rẹ̀ tí iná ti tán dání.

"Ta ló kọ ìyẹn?" ló béèrè.

Tíṣà, tí kò mọ nǹkan kan, nawọ́ sí mi tayọ̀tayọ̀. "Ọ̀rẹ́ yín ni, bọ̀dá! Ẹ ò mọ̀ pé ọ̀gá ni?"

Ó wò mí. "Ìwọ ni mo sọ ọ́ fún," ló wí. "Mi ò sọ ọ́ fún wọn."

Ó yí padà, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ sọdá títì. Ìṣẹ́jú méje ló kù kí ìdíje parí. Ó yẹ kí n tẹ̀ lé e. Mo jókòó, mo wo ìdíje náà parí. A gba ife.

Mo lọ bá a lọ́jọ́ kejì, mo ṣe bí ẹni tó fẹ́ ṣàlàyé. Kò bú mi. Ó ní, "Yọ orúkọ yẹn kúrò níbẹ̀, jọ̀ọ́." Òfin líìgì ni pé orúkọ kì í yí padà, àfi kí agbábọ́ọ̀lù fẹ̀yìn tì. Mo ní kò burú, màá ṣe é kí sáà tuntun tó bẹ̀rẹ̀. Ìgbà náà dé, Àjàní ṣì ń gbá a dáadáa, ni mo bá tún dá a sí. Sáà méjì gbáko ni mo tún fi lò ó, tí mò ń gba ẹ̀yìn ọjà kọjá kí n má baà kan ṣọ́ọ̀bù náà. Nígbà tí mo wá fẹ̀yìn rẹ̀ tì, òótọ́ ibẹ̀ ni pé ó ti darúgbó lójú kọ̀ǹpútà, ẹgbẹ́ rẹ̀ ò fẹ́ ẹ mọ́. Àwọn tí n kò rí rí kọ̀wé ìdágbére sí i láti ìlú òkèèrè. Ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ ìyá Àjàní ló ń sọ fún ara òun bí nǹkan bá le.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Mo ti ń gba títì yẹn kọjá, a sì ti ń kí ara wa. Lóṣù tó kọjá, ó ń fẹ́ táyà alùpùpù mi, ló bá ṣàdédé bi mí, láì gbójú sókè: "Ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?"

"Ó wà. Ojú ewé àwọn tó ti fẹ̀yìn tì, wọn kì í pa á rẹ́."

"Ó gba ife?"

"Ẹ̀ẹ̀kan."

Ó dá ìdérí ihò afẹ́fẹ́ táyà padà sí àyè rẹ̀, ó nu ọwọ́ nù. "Ó dáa fún un," ló wí.

Mo dúpẹ́. Mo fẹ́ fi oríkì rẹ̀ kún un, bí a ti ń ṣe fún ẹni tó bá ṣe wá lóore. Ó ti dé ètè mi. Mo gbé e mì, mo ta alùpùpù nípàá, mo lọ.