Ìbọn Tí Wọ́n Tún Ṣe Lẹ́yìn Ikú Ọ̀rẹ́ Mi

Òórùn ẹ̀tù ló ru ìbínú mi sókè níbi ìsìnkú kan ní Ayétòrò lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àwọn géńdé ń yin ṣakabùlà sójú òkun, ẹ̀rín ń pa wọ́n, ọ̀kan sì na tirẹ̀ sí mi kí n wò ó. "Màmá, ilé-iṣẹ́ ló ṣe èyí o. Kì í tàsé." Inú bí mi débi pé mo dìde nídìí oúnjẹ. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ jókòó kí n sọ ohun tí ìbọn tí kì í tàsé ṣe ládùúgbò wa.

Bàbá mi ń tún àwọ̀n ṣe, ó sì ń tún ìbọn ṣe. Láti Molutehin títí dé Ode Mahin, ọdẹ tó bá ra ṣakabùlà tuntun kì í gbé e wọ igbó ẹ̀gbà, igi inú omi iyọ̀ wa, láìjẹ́ pé ó gba ọwọ́ bàbá mi kọjá. Àwọn ìbọn ilé-iṣẹ́ yẹn dára lójú bí ọkọ ìyàwó: igi ìdí wọn ń dán, irin wọn ń kọ mànà. Ẹwà lásán ni. O lè kọjú òmíràn sí ẹran kí ọta rẹ̀ yà lọ kí àna rẹ nílé.

Bàbá mi á tú irin tó dí ìdí ọ̀pá ìbọn, á fi òwú àwọ̀n gba inú rẹ̀ kọjá, á fà á le dandan, màmá mi á di etí kejì mú. Á wá kọjú ọ̀pá náà sí ìmọ́lẹ̀ tó ń tàn lójú omi, á di ojú kan. Ibi tí òwú bá ti kan irin, ibẹ̀ ló wọ́. Á gbé e lé ìtì ẹ̀gbà, á máa fi òòlù onígi lù ú díẹ̀díẹ̀ títí òwú yóò fi dá dúró láàárín. Kò tíì parí o. Ilé-iṣẹ́ ṣe ìbọn fún ẹni tó dúró lórí ilẹ̀ gbígbẹ, bẹ́ẹ̀ inú ọkọ̀ ni àwọn ọdẹ tiwa ti ń kúnlẹ̀ yìnbọn, nítorí náà inú ọkọ̀ ni bàbá mi ti ń dán an wò. Á yìn ín lẹ́ẹ̀mẹta sí ẹní kékeré tí a so mọ́ òpó. Bí àtẹ́lẹwọ́ kan kò bá bo ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, olówó ìbọn á ṣì dúró.

Ọjọ́ kan ṣoṣo ni kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀nì kan ń yọ wá lẹ́nu létí omi. Bàbá Ọmọ́yẹlé, ọdẹ àdúgbò wa, sáré wá gba ìbọn tuntun tó fi sílẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú. Bàbá mi kò tíì fi òwú yẹ̀ ẹ́ wò. Epo nìkan ló fi pa á. Ṣùgbọ́n omi ti ń fà, ọdẹ ń kánjú, bàbá mi bá ní, "Ó ti dáa, gbé e lọ." Ọdẹ yìnbọn sí ọ̀nì. Ọta yà sósì, ó ba Ọmọ́yẹlé, ọmọ bíbí inú rẹ̀, nínú ọkọ̀ tó ti ń ṣa ìṣáwùrú. Ọ̀rẹ́ mi ni. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni àwa méjèèjì. Kò rí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Àwọn àgbà péjọ. Wọ́n ní ìbọn tó bá ti gba ọwọ́ bàbá mi kọjá kì í tàsé, nítorí náà ẹnìkan ló darí ọta. Ìyáálé ọdẹ, tí kò bímọ, ni wọ́n nawọ́ sí. Obìnrin náà ń ké pé, "Èmi kọ́! Èmi ni mo ń wẹ ọmọ náà!" Wọ́n ní kí bàbá mi gbé ìbọn lọ sílé, kó yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì padà wá jẹ́rìí. Mo wà nílé. Ó fi òwú gba inú rẹ̀, òwú lẹ̀ mọ́ irin. Màmá mi rí i, èmi náà rí i.

"Ùwọ mọ̀ o," ni màmá mi wí.

"Dákẹ́." Bàbá mi gbé òòlù. Nígbà tó fi máa padà dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà, ìbọn ti tọ́. Ó yìn ín lẹ́ẹ̀mẹta lójú gbogbo wọn, àtẹ́lẹwọ́ kan sì bo ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n gbé obìnrin náà sínú ọkọ̀ pẹ̀lú ẹní rẹ̀, wọ́n lé e lọ. A kò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Inú ń bí mi sí bàbá mi dòní. Bàbá rere ni, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Inú sì ń bí mi sí ara mi, nítorí bàbá mi ti kú tipẹ́tipẹ́. Ta ló wá di mí lẹ́nu? Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ogún ọdún mẹ́ta ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Òkun ti gbé ilé wa, ó ti gbé ibi tí àwọn àgbà jókòó sí, síbẹ̀ ìyáálé ọdẹ ni wọ́n ṣì fi ń dẹ́rù ba ọmọ tó bá ń sunkún. Òkun kò rí ìyẹn gbé.

Morẹ́nikẹ́ ni orúkọ obìnrin náà. Kò mọ nǹkan kan nípa ikú ọ̀rẹ́ mi. Ẹ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ yín.